Ehoro kún ẹ̀yìnkùlé mi, ẹ tún ní ehoro fẹ́ parun?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ehoro. Ọ̀yọ́ ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọ mi ti ilé ìwé dé lánàá, ó ní tíṣà àwọn sọ pé ehoro kan wà tó ti fẹ́ẹ́ tán láyé. Ẹ̀rín ni mo fi rín. Abo mẹ́ta àti akọ kan ni mo rà lọ́dún tó kọjá, wọ́n ti di mẹ́tàlélógójì báyìí, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ kó wọn sí mọ́. Ẹran tó ń bí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, báwo ló ṣe máa parun? Tó bá sì jẹ́ òótọ́, ṣé wọn ò lè wá kó tiwa lọ tú sínú igbó wọn ni? Ẹ má bínú sí mi, kò yé mi ni mo ṣe béèrè.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ogbómọ̀ṣọ́ lèmi wà, èmi náà ń sin ehoro. Tíṣà yẹn ò purọ́.

Ehoro tó ń sọ, ilẹ̀ South Africa ló wà, ní agbègbè gbígbẹ kan tí wọ́n ń pè ní Karoo. Kò sí níbòmíràn láyé. Orúkọ ìjìnlẹ̀ rẹ̀ ni Bunolagus monticularis, ọdún 1903 ni wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé. Èmi ó máa pè é ní ehoro etídò, torí etídò ni ilé rẹ̀. Etí rẹ̀ gùn, irun funfun yí ẹyinjú rẹ̀ ká, ìlà dúdú kan sì ti igun ẹnu rẹ̀ gba ìsàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ bí ẹni tí wọ́n kọ ilà fún. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ tí ojú yín mọ ilà, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa rí i tí ẹ ó fi dá a mọ̀. Kò wúwo tó kílò méjì. Ọ̀sán ló ń sùn sábẹ́ igbó ṣúúrú, òru ló ń jáde jẹun, òun nìkan ló sì ń dá rìn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé: ọmọ kan ló ń bí. Kò wọ́pọ̀ kó bí méjì. Oyún rẹ̀ ń gbà tó ọjọ́ márùndínlógójì. Ẹ fi wé tiyín tó lè bí mẹ́jọ, tí akọ sì tún lè gùn ún láìpẹ́ lẹ́yìn tó bímọ tán. Bí ajá bá pa abo ehoro etídò kan lóru òní, ó lè má tíì sí ọmọ kankan nílẹ̀ tí yóò gba ipò rẹ̀.

Ní ti pé ó fẹ́ parun, àjọ kan wà, IUCN, tó ń kọ ipò tí ẹranko gbogbo ayé wà sínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìwé Pupa. Ẹ kà á sí àkàbà. Àwọn tí kò séwu fún wà lókè téńté. Bí ẹran bá ṣe ń dínkù ló ń sọ̀ kalẹ̀: ó kọjá sọ́dọ̀ àwọn tí ewu ń bọ̀ wá bá, ó dé àárín àwọn tó wà nínú ewu, ó wá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà létí àtiparun. Àtẹ̀gùn tó tẹ̀ lé ìyẹn ni ti ẹran tó kù nínú ọgbà nìkan, tí kò sí nínú igbó mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tán. Etí àtiparun yẹn gan-an ni ehoro etídò dúró sí.

* * *

Àwọn èèyàn ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ láti àná. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo kà ni pé ọdẹ ló pa á tán, pé bí wọ́n bá ti ọdẹ mẹ́wàá mọ́lé, ọ̀rọ̀ á tán. Mo gbà díẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń fi ajá dẹ ẹ́ lóòótọ́, pàkúté tí àwọn olówó àgùntàn dẹ sílẹ̀ fún ajáko sì máa ń mú un. Ṣùgbọ́n ohun tó gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ ju ìbọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi àkùrọ̀ ṣàlàyé, torí kò sẹ́ni tó dàgbà lọ́dọ̀ wa níbí tí kò mọ àkùrọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí orí ilẹ̀ bá ti gbẹ, tó ti la, níbo la máa ń lọ gbin tẹ̀tẹ̀ àti ilá? Bèbè odò ni. Ibẹ̀ ni ọ̀rinrin ṣì wà, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti dúdú tó sì rọ̀, nítorí ọdọọdún lodò ń kó erùpẹ̀ ọlọ́ràá wá dà síbẹ̀. Karoo náà rí bẹ́ẹ̀, àfi pé tiwọn gbẹ ju tiwa lọ jìnnà. Àwọn odò ibẹ̀ kì í ṣàn yípo ọdún. Bí èèyàn bá ti kúrò létí odò díẹ̀, òkúta àti ilẹ̀ líle ló kù.

Ehoro yìí kò lè gbẹ́ òkúta. Erùpẹ̀ rírọ̀ tí odò kó jọ yẹn nìkan ni abo lè gbẹ́ ihò sí tó bá fẹ́ bímọ. Á fi koríko àti irun ara rẹ̀ tẹ́ inú ihò náà, á bí ọmọ rẹ̀ síbẹ̀ láìnírun lára, ojú ọmọ á ṣì wà ní dídì. Bó bá ń jáde lọ wá oúnjẹ, á fi erùpẹ̀ àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ dí ẹnu ihò kí ohunkóhun má bàa rí ọmọ náà. Igbó ṣúúrú tó wà létí odò yẹn náà ló ń sá pamọ́ sí lọ́sàn-án, ewé ibẹ̀ ló sì ń jẹ. Gbogbo ayé rẹ̀ kò ju tẹ́ẹ́rẹ́ ilẹ̀ yẹn lọ.

Àgbẹ̀ dé Karoo, ilẹ̀ kan náà ló wù ú. Kí ni ì bá tún wù ú? Òun ló dára jù níbẹ̀. Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti ń tulẹ̀ etídò yẹn, wọ́n ń gbin nǹkan sí i, wọ́n ń da àgùntàn sínú èyí tó kù, wọ́n sì ń sé odò níbòmíràn. Ní àárín gbùngbùn Karoo, ilé ehoro náà tó ti bá a lọ ju ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ẹni tó tulẹ̀ yẹn lè má fojú kan ehoro kan títí ó fi kú. Kò yìnbọn, kò dẹ pàkúté. Ẹran náà ò rí ibi bímọ sí mọ́, ó sì tán níbẹ̀.

Mo ní àkùrọ̀ tèmi lẹ́bàá odò, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó fi tirẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí mò ń bá yín jiyàn lé lórí ni pé kí ẹ má di gbogbo ẹrù yìí lé ọdẹ lórí.

* * *

Bàbá ọdẹ kan láti apá Ìkòyí-Ilé bínú sí mi. Wọ́n ní láti kékeré làwọn ti ń pa ehoro, àwọn ò rí èyí tó gbẹ́ ihò rí. Wọ́n ní orí ilẹ̀ gbalasa ló ń sùn, nínú koríko, àti pé ọmọ rẹ̀ kì í wà níhòòhò, pé ẹni tó bá ní ehoro ń gbẹ́ ihò kò mọ igbó.

Ẹ kú ọdẹ, Bàbá. Òótọ́ lẹ sọ, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹran méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan lẹ́nu wa. Èyí tí ẹ̀yin ń pa ní ìgbẹ́ wa, ẹ̀yà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Lepus ni. Ó ga lẹ́sẹ̀, eré ló gbẹ́kẹ̀ lé. Orí ilẹ̀ ló ń bímọ sí, irun á ti wà lára ọmọ, ojú rẹ̀ á ti là lọ́jọ́ tó bá wáyé. Èyí tó wà nínú kéèjì wa àti ti etídò Karoo jẹ́ oríṣi kejì, tí ọmọ wọn ń wáyé níhòòhò nínú ihò. Òyìnbó fún oríṣi méjèèjì ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èdè wa ò ṣàṣìṣe o. Oríṣi kejì yẹn ò sí nínú igbó wa látilẹ̀wá, ìgbà tí wọ́n gbé ti ilé dé la fi orúkọ ará ilé wa kí i káàbọ̀.

Ìwé Pupa sì ka ehoro ìgbẹ́ wa sí ẹran tí kò séwu fún, nítorí ilẹ̀ tó ń gbé ní Áfríkà fẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n Bàbá fi gbólóhùn kan sí ìparí ọ̀rọ̀ wọn tí kò sẹ́ni tó dá sí: pé tẹ́lẹ̀, bí àwọn bá gbé iná sórí lóru, mẹ́ta tàbí mẹ́rin làwọn ń rí kí ilẹ̀ tó mọ́, pé ní báyìí àwọn lè lọ ní ìgbà márùn-ún láìrí ẹyọ kan. Ẹ jẹ́ ká ronú sí èyí. Kí ẹran pọ̀ káàkiri Áfríkà kò ní kó má tán ní ìgbẹ́ Ìkòyí.

* * *

Mo padà sórí ìbéèrè ẹ̀gbọ́n wa l'Ọ́yọ̀ọ́: ṣé wọn ò lè wá kó tiwa lọ tú síbẹ̀? Èèyàn tó lé ní mẹ́wàá ló ti gbè wọ́n lẹ́yìn, wọ́n ní ìmọ̀ràn gidi ni. Ẹ jọ̀ọ́, rárá.

Lákọ̀ọ́kọ́, ti ilé àti ti etídò ò lè gun ara wọn kí wọ́n bímọ. Ìyàtọ̀ àárín wọn jìn. Tí ẹ bá tú ẹgbẹ̀rún síbẹ̀, ehoro etídò ò tíì fi ẹyọ kan pọ̀ sí i. Ẹ ti wá gbé ẹni tí yóò máa bá a du ewé tó kù wá bá a ni.

Èkejì, wọ́n ti tú irú ẹ̀yà ehoro ilé sílẹ̀ níbìkan rí. Ọdún 1859 ni, ní Australia, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Thomas Austin ló tú ìwọ̀nba díẹ̀ sínú oko rẹ̀ kó lè máa rí wọn dẹ. Wọ́n bí, wọ́n rẹ̀, wọ́n bo ilẹ̀ náà débi pé wọ́n ń jẹ oko àti pápá run. Ìjọba mọ ọgbà gígùn tó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún kílómítà, ehoro kọjá rẹ̀. Ní 1950 wọ́n tú àrùn kan sí wọn láàárín. Títí dòní wọ́n ṣì ń bá wọn jà.

Ẹ̀kẹta ló ká mi lára jù, torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń sìn láti ìgbà yẹn á rántí ọdún 2020. Àrùn RHD, èyí tí ń pa ehoro lójijì tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ nímú àwọn mìíràn, wọ Nàìjíríà lọ́dún yẹn. Ìlọrin wà lára ibi tó ti ṣọṣẹ́, ẹ sì mọ bí Ìlọrin ṣe sún mọ́ wa tó. Mo ní ehoro mẹ́rìndínlógójì. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, gbogbo wọn jẹ ewé ọ̀dùnkún wọn tán. Àárọ̀ Sátidé, mẹ́ta ti na gbọọrọ, ara wọn ò ní àpá kankan. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé ejò ni. Mo ju àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí àkìtàn tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò, lẹ́bàá odò. Kó tó di ọjọ́ Wẹsidé, márùn-ún péré ló ṣẹ́kù.

Dókítà ẹran tó wá wò wọ́n lẹ́yìn náà bi mí pé ibo ni mo kó òkú wọn sí. Nígbà tí mo sọ fún un, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ṣàlàyé pé kòkòrò àrùn yẹn ń pẹ́ láàyè nínú òkú ẹran, pé eṣinṣin ń gbé e, bàtà ń gbé e, aṣọ àti ewé tútù ń gbé e. Kì í ran èèyàn, kò sì sóògùn tó ń wò ó. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi dòní: àwọn ehoro ìgbẹ́ tó ń wá sí àkìtàn yẹn lóru, mi ò mọ ohun tí mo gbé fún wọn. Irú àrùn yìí tó jáde ní 2010 ń pa àwọn ẹ̀yà ehoro ìgbẹ́ mìíràn pẹ̀lú.

Ní òpin ọdún 2022, àrùn kan náà dé South Africa, ó sì ń pa ehoro ìgbẹ́ ní Karoo. Ẹran tó ń bí ẹyọ kan, tó ti ku ìwọ̀nba díẹ̀, tí àrùn ehoro ilé wá ká mọ́lé. Ṣé ẹ rí ìdí tí mi ò fi lè gbà kẹ́nikẹ́ni kó tiwa lọ?

* * *

Àbúrò kan béèrè pé kí ló dé tí wọn ò mú díẹ̀ nínú ti etídò gan-an, kí wọ́n sìn ín nínú kéèjì bí a ti ń sin tiwa. Wọ́n dán an wò. Ní De Wildt, ibi tí wọ́n ti ń sin ẹranko igbó ní South Africa, wọ́n kó díẹ̀ sínú ọgbà. Kò yọrí sí rere, wọ́n fi í sílẹ̀.

* * *

Ohun tí ò jẹ́ kí n sùn dáadáa nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á rèé, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń sin ehoro níbí mọ̀ ọ́n. Ehoro funfun yín, ti eérú, ti aláwọ̀ pupa, baba ńlá kan ni gbogbo wọn ní: ehoro ìgbẹ́ ilẹ̀ Sípéènì àti Pọtogí. Láti ọdún 2019 ni Ìwé Pupa ti kọ baba ńlá yẹn sí àárín àwọn tó wà nínú ewu. Àrùn tí wọ́n tú sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1952 ló kọ́kọ́ gbá wọn, RHD tún dé ní ìparí àwọn ọdún 1980, irú rẹ̀ tuntun sì tún dé lẹ́yìn 2010. Nílé, ó kún kéèjì gbogbo ayé. Ní Australia, ó di ìyọnu. Níbi tí Ọlọ́run dá a sí, ó ń tán lọ.

Nítorí náà ẹ̀gbọ́n, mẹ́tàlélógójì yín ò sọ nǹkan kan fún wa nípa bóyá ehoro ń parun.

Kí ẹ má bàa rò pé ìsọ̀kalẹ̀ nìkan ni àkàbà yẹn mọ̀: ológbò igbó ńlá kan wà ní ilẹ̀ Sípéènì kan náà, lynx ni wọ́n ń pè é, ehoro yẹn sì ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ehoro ṣe ń dínkù lòun náà ń kú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún igbó ṣe, wọ́n mú ehoro pọ̀ sí i níbi tó ń gbé, wọ́n dá ológbò náà padà síbi tó ti tán. Ní 2024, wọ́n gbé e gòkè lórí àkàbà.

* * *

"Ìyẹn kàn wá? Èèyàn ò rí jẹ ní Tákíè, ẹ ń sọ̀rọ̀ ehoro South Africa." Ẹni tó kọ èyí, mo gbọ́ ọ. Ebi kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àmọ́ àgbẹ̀ tó ń wá ìjẹ lẹni tó wà ní Karoo náà. Ọ̀pọ̀ ehoro etídò tó ṣẹ́kù, orí ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ aládàáni ló wà, wọn ò sì lé àgbẹ̀ kankan kúrò. Ẹgbẹ́ Endangered Wildlife Trust ń lọ bá wọn jókòó, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi tẹ́ẹ́rẹ́ etídò sílẹ̀ láìtu, kí àgùntàn má jẹ ibẹ̀ tán, kí ajá má máa rìn gbéregbère lóru. Àwọn kan gbà. Ajá kan tiẹ̀ ti bá wọn ṣiṣẹ́, Jessie lorúkọ rẹ̀, wọ́n kọ́ ọ láti máa gbóòórùn ehoro yìí kí wọ́n lè mọ ibi tó kù sí. Ní 2018, wọ́n rí i ní Baviaanskloof, níbi tí wọn ò mọ̀ pé ó wà rárá.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tún kọ̀wé lálẹ́ àná. Wọ́n ní ó ti yé àwọn. Wọ́n ní ìbéèrè kan kù, pé ọmọ àwọn ló rán àwọn: lọ́jọ́ Sátidé, níbi tí wọ́n ti ń ro abẹ́ kaṣú, ọmọ náà rí ọmọ ehoro ìgbẹ́ kan nínú koríko, òun nìkan, ìyá rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó fẹ́ kó ọmọ ehoro náà mọ́ àwọn tó wà nínú kéèjì kí abo tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ fún un lọ́mú.

Ẹ má jẹ́ kó gbé e wọlé. Kò sọnù. Ìyá ehoro ìgbẹ́ máa ń fi ọmọ sílẹ̀ lójúmọmọ ni, kí òórùn ara rẹ̀ má bàa fi ọmọ han ẹran tó ń wá a. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á wá fún un lọ́mú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì tún lọ. Bí ẹ bá ti gbé e dé ilé, ẹ má fún un ní wàrà màálù, ẹ má gbé e sún mọ́ kéèjì, nítorí àrùn tí mo sọ. Ẹ bọ bàtà tí ẹ fi ń wọ ilé ehoro, ẹ wọ òmíràn, kí ẹ gbé e padà sínú koríko ibi tí ọmọ ti rí i gan-an, lónìí, kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìro fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kaṣú yẹn ò ní kú. Ẹ sọ fún ọmọ náà pé kó má lọ yọjú wò ó lálẹ́, ìyá á bọ̀.